Ta Ló Kàn

Ọgọ́fà ọmọ-ogun ni mo tò sí Ìbarà,
kò sí èyí tó ga ju èékánná mi lọ.
Mo ní kí wọ́n gba afárá Làfẹ́nwá kọjá kílẹ̀ tó mọ́,
lórí máàpù tí mo fi oṣù mẹ́ta yà:
Olúmọ rèé, odò Ògùn rèé,
páànù Ìtòkò tó ti dípẹtà, mo kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tí wọ́n sanwó iṣẹ́ fún.

Mo kọ àṣẹ wọn sílẹ̀:
Rìn.
Bí o bá détí odò, yà sọ́tùn-ún.
Bí ọ̀nà bá dí, dúró. Bó bá là, máa lọ.
Ó dùn ún kà. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Àádọ́ta aláàárù ń ti òdìkejì bọ̀,
iṣu ló wà lórí wọn, iṣu tí ìlú fẹ́ jẹ.
Àárín afárá ni wọ́n ti pàdé.
Ọ̀nà dí fún ti ibí, ó dí fún ti ọ̀hún,
oníkálukú dúró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí.
Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ara wọn ò kúrò lójú kan.
Mẹ́ta já sódò, wọ́n ń rìn nísàlẹ̀ omi
bí ẹni tí wọ́n rán ní búrẹ́dì.
Ọ̀kan gun Olúmọ, ó forí ti àpáta,
ó ń yan níbẹ̀ títí di aago méjì òru.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà.
Ní ti afárá yìí, ọ̀nà kan náà ni.

Bàbá mi jí wá mu omi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Làfẹ́nwá,
òun ló ń fa irin gígùn tí ojú irin fi ń yà,
èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga ju tòsì lọ títí dòní.
Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ife lọ́wọ́.
"Ta ni ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹ̀?"
"Ọ̀pá wo, Bàbá?"
Ó wò mí bí ẹni tí kò wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ojú irin kan, ọkọ̀ méjì:
ọ̀pá kan ṣoṣo la máa ń yọ nínú àpótí.
Dírẹ́bà tí kò bá rí i gbà, kò gbọdọ̀ mira,
ì báà jẹ́ gómìnà ló gbé, kí gómìnà máa mu tíì.
Jókòótọlá, o kọ́ wọn ní ìrìn,
o ò kọ́ wọn ní ta ló kàn."

Ìlà kẹtàdínlógún, mo kọ ọ́ bó ṣe wí i:
bí ọ̀pá kò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mú un;
bó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, jókòó sílẹ̀.
Mo dá gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n ti gbéra.
Àwọn aláàárù ló kọ́kọ́ mú un.
Wọ́n ń kọjá, iṣu ń tẹ̀lé iṣu,
bàbá mi ń kà wọ́n lábẹ́ ahọ́n,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fa ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Àwọn wo ló jókòó sí Ìbarà yẹn?"
"Ọmọ-ogun ni wọ́n."
"Níbo ni wọ́n ń lọ?"
"Ogun."
"Hẹ̀n." Ó gbé ife kalẹ̀.
"Tèmi, kòkó ló kọjá lọ́wọ́ mi, àti màlúù,
àtàwọn ọmọ iléèwé tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ó padà lọ sùn.
Ìgbà náà ni mo rí i pé mo gbàgbé ìlà kan:
bí o bá kọjá tán, gbé ọ̀pá sílẹ̀.
Aláàárù tó kẹ́yìn ti sọ iṣu rẹ̀,
ó ṣì dì í mú, kò mọ ẹni tí òun máa gbé e fún.
Ọgọ́fà ọmọ-ogun jókòó nínú ìrì, asà lórí eékún.

Mo kọ ìlà kejìdínlógún.
Mo kà á.
Mo pa á rẹ́.
Lẹ́yìn ògiri, bàbá mi ti ń hanrun.